Adelé Kì í Ṣe Onílé: Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ àti Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà

1. Ìfáárà

Ìṣòro kan máa ń yọjú bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ìjọba ní èdè Yorùbá. "Ààrẹ" ni a ń pe olórí orílẹ̀-èdè. "Ààrẹ" náà ni a ń pe ẹni tí ó ń darí ìjókòó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ohun tí ẹni náà bá ti sọ ni abẹ gé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ adelé ni iṣẹ́ ẹni tí ó wà lórí àga náà, àti pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Òkè-Ògùn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ ọ̀dàn ìhà ibẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà.

2. Baṣọ̀run àti Ọ̀yọ́ Mèsì

Ṣakí, Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì wà lára ìlú tí ó mọ agbára Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1835. Ìgbòho tilẹ̀ ti jẹ́ olú-ìlú Aláàfin rí. Àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ń bá Aláàfin pín agbára: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìínni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Baṣọ̀run ni olórí wọn.

Iṣẹ́ méjì tí Baṣọ̀run ń ṣe ni ó kàn wá níhìn-ín. Èkíní, òun ni ẹnu tí ìgbìmọ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà fún un, ọba yóò sì ṣígbá wò. Ṣùgbọ́n ìpinnu ìgbìmọ̀ ni ó ń jẹ́, kì í ṣe ti ara rẹ̀. Èkejì, bí Aláàfin bá wàjà, Baṣọ̀run ni adelé. Èyí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan: nígbà tí Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Baṣọ̀run ni ó di adelé. Adelé ń tọ́jú ìlú títí afọbajẹ yóò fi rí ọba yàn ni. Kì í dé adé.

Baṣọ̀run Gáà ni ó fi hàn wá bí ìlú ti ń rí bí adelé bá sọ ara rẹ̀ di onílé. Láti ọdún 1754 títí di 1774 ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọba márùn-ún ni Gáà fi jẹ, pé ó pa mẹ́rin nínú wọn, kí ìkarùn-ún, Abíọ́dún, tó pa á. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọba. Títí di òní, àwọn àgbà ṣì ń wí pé: bí o láyà, o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ Gáà kì í ṣe pé ó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gba ohùn ìgbìmọ̀ ṣe tirẹ̀, ó sì kọ̀ láti dá àga padà fún ẹni tí ó ni ín.

3. Ọdún 1960

Nígbà tí ètò ìjọba tuntun dé, Ìwọ̀-Oòrùn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ní Ìbàdàn. Ọọ̀ni Adéṣọjí Adérẹ̀mí ni ó jẹ́ Ààrẹ ilé náà láti 1954 sí 1960. Ní ti ìjọba àpapọ̀, Nnamdi Azikiwe di Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1960. Ọmọ ilé mẹ́rìnlélógójì ni a fi bẹ̀rẹ̀: méjìlá láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta, mẹ́rin láti Èkó, àti mẹ́rin tí Gómìnà Àgbà yàn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Adérẹ̀mí kúrò lórí àga ìgbìmọ̀, ó di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Azikiwe náà kúrò lórí tirẹ̀, ó di Gómìnà Àgbà ní oṣù kọkànlá. Àwọn méjèèjì bọ́ sí ipò ẹni tí ó dúró fún adé. Èyí fi hàn pé bí agbára ilé náà lórí òfin kò tilẹ̀ tó ti ilé kejì, àga olùdarí rẹ̀ kò jìnnà sí ìtẹ́.

4. Òru ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 1966

Dennis Osadebay ni ó jókòó lẹ́yìn Azikiwe. Nígbà tí ó lọ sí Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní 1963, Nwafor Orizu gba ipò rẹ̀. Òfin 1963 wí pé bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè kò bá sí nílé, Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ni yóò dì í mú fún un. Nígbà tí àwọn ológun kan dìtẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, Azikiwe wà lókè òkun. A kò sì rí Olóòótú Ìjọba, Abubakar Tafawa Balewa. Ó ti kú. Orizu ni adelé.

Ní òru ọjọ́ kejì, ó kéde lórí rédíò pé àwọn mínísítà ti pinnu láti fi ìjọba lé àwọn ológun lọ́wọ́. Aguiyi-Ironsi gbà á. Kò sí ibì kan nínú òfin ilẹ̀ tí ó fún adelé ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. A lè rò ó pé ìbọn ti yí i ká, pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ. Ilé tí ó ń darí kò tún jókòó mọ́ títí di ọdún 1979.

5. Òfin ọdún 1999

Àwọn tí ó kọ òfin 1999 fi ààlà sí i. Àwọn aṣòfin àgbà mọ́kàndínláàádọ́fà ni yóò yan olùdarí wọn láàárín ara wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì lè yọ ọ́. Kì í dìbò àfi bí ìbò bá dọ́gba. Bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè àti igbákejì rẹ̀ kò bá sí mọ́, yóò di ìjọba mú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, a ó sì dìbò yan ẹlòmíràn láàárín ìgbà náà. Bí adelé gan-an ni.

Ìdánwò dé ní ọdún 2010. Ààrẹ Yar'Adua ti lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia láti oṣù kọkànlá ọdún 2009 láìkọ̀wé fa iṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì, David Mark wà lórí àga nígbà tí ilé náà pinnu pé kí Goodluck Jonathan máa ṣe adelé Ààrẹ. Àwọn kan wí pé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìpinnu ilé ni olùdarí kéde, ẹni tí òfin fi ṣe igbákejì ni a sì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lọ́dún kan náà ni a tún òfin yẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú mẹ́ta láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó pín aṣòfin àgbà kan ṣoṣo ní ẹkùn Àríwá Ọ̀yọ́. Bí olùdarí ìjókòó kò bá pe ẹni yìí kí ó sọ̀rọ̀, Ṣakí ti yadi nìyẹn, Ìṣẹ́yìn náà ti yadi.

6. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí a pa orúkọ "Ààrẹ Ilé" rẹ́; ó ti wọ èdè. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùkọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà. Kí ẹ̀yin olùdánwò má sì béèrè orúkọ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì nìkan. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ Baṣọ̀run wé ti olùdarí Ilé Aṣòfin Àgbà, kí ó sì sọ ibi tí Gáà ti kọjá ààyè rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìyẹn yóò mọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà bí ẹnì kan bá ń lo àga gbogbo ènìyàn bí ohun ìní ara rẹ̀.