Ìbọn Tí A Fi Ọwọ́ Kì: Ohun Tó Ń Mú Ọta Ọdẹ Yẹ̀ Lára Ọ̀yà

Orí ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun ńlá ni Gberefu wà. Àwọn àlejò tó ń lọ síbẹ̀ lónìí ń lọ wo ipa ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ òkun, ibi tí ẹni tó bá ti kọjá kì í padà bọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń jáde ní etíkun náà ni ẹrù ń wọlé: aṣọ, ọtí, tábà, owó ẹyọ, ìbọn àti ẹ̀tù. Ìbọn wà lára ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ra ọmọ ènìyàn.

Ìbọn yìí ni àwa ń pè ní ṣakabùlà. Orúkọ àwọn ará Denmark ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò Denmark, tí ilé olódi wọn wà ní Accra, wà lára àwọn tó tà á ní etíkun wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti wá. Kò sí kátíríìjì nígbà náà. Ẹ̀tù dá wà nínú àgbá, ọta dá wà nínú àpò, ẹni tó ra ìbọn ni yóò wọ̀n ọ́n, òun náà ni yóò sì kì í. Nípa bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ìbọn ti dé ọ̀dọ̀ wa ni ọdẹ Yorùbá ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè ohun tí yóò yìn, iṣẹ́ tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń náwó ńlá lé lórí lónìí. Bí ọta bá yẹ̀ lára ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ run lóko, ojú ọdẹ ni àgbẹ̀ máa ń dá lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi náà ti wà níbi ìkìbọn kí ọdẹ tó kúrò nílé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń kì í. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ gba ẹnu ìbọn wọlé. Àkísà tí a ká yóò tẹ̀ lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún un títí yóò fi le dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ọta, àkísà mìíràn yóò sì dé e lórí kí ó má baà yí jáde bí ọdẹ bá da ẹnu ìbọn kọdò. Ẹ̀tù díẹ̀ tún wà lóde, lẹ́bàá ihò kékeré tó wà ní ìdí irin ìbọn. Bí ọdẹ bá fà á, òkúta yóò ṣáná sí ẹ̀tù òde, iná yóò sì gba ihò náà wọlé. Àkókò díẹ̀ máa ń wà láàárín ìgbà tí ó fà á àti ìgbà tí ó dún. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tó fún ọ̀kẹ́rẹ́ láti fò kúrò lórí ẹ̀ka, ó sì tó fún ọwọ́ ọdẹ láti gbọ̀n.

Ìwọ̀n ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹ̀tù kò lè wọn iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá pọ̀ lónìí, tí ó dín lọ́la, ibi tí ọta yóò bà kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, bí ojú ọdẹ ìbáà mú bí ti àṣá. Ife kékeré kan ṣoṣo tí kò yí padà sàn ju ọwọ́ àgbà ọdẹ lọ. Agbára tí a fi gún un pẹ̀lú kò gbọdọ̀ máa yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀tù tí a gún le kì í jó bákan náà pẹ̀lú èyí tí a gún dẹ̀. Ti ọta náà tún wà níbẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ tí a gé láìdọ́gba kì í fò lọ tààrà, olúkúlùkù ni yóò gba ọ̀nà tirẹ̀. Òjé róbótó tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba sàn jù ú lọ fíìfíì.

Síbẹ̀, bí a ti wù kí a ṣọ́ra tó, ibì kan wà tí ṣakabùlà kò lè kọjá. Inú irin rẹ̀ ń dán ni, ọta kàn ń gbá ọ̀tún gbá òsì jáde. Ní ìwọ̀n àádọ́ta mítà, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò ba òkété. Ìbọn ráífù ní ìlà tó lọ́ yípo nínú irin rẹ̀, ìlà yìí ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó, ohun tó bá sì ń yí bí òkòtó kì í tètè yà lọ́nà. Nínú ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ìbọn ráífù oríṣi Snider, tí a ń ki láti ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó, fún wọn lágbára tí àwọn Ìbàdàn kò fojú kéré. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n sì fi òfin de kíkó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Èyí tí wọ́n fàyè gbà fún wa ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán, àti ẹ̀tù lásán. Èmi kò rò pé ó jẹ́ nítorí àánú ẹran ìgbẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn lọ. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní ẹranko kéékèèké tó ń gbẹ́lẹ̀ kiri inú oko, ó jọ ikún wa, wọ́n sì ń yìn ín láti ọ̀nà jíjìn réré. Ní ọdún 1935 ni ilé iṣẹ́ Winchester gbé kátíríìjì .220 Swift jáde nítorí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀. Ọta rẹ̀ ń sáré ju mítà 1,200 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ti yìn ín tán, wọn kì í sọ ife idẹ rẹ̀ nù. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á fi ohun ìṣáná tuntun sí ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù sí i lórí òṣùwọ̀n tó pín pọ́n-ùn kan sí ọ̀nà 7,000, wọ́n á sì fi ọta dé e. Wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju kí ti ọ̀la dà bí ti òní lọ, ohun kan náà tí ife kékeré ọdẹ wa ń wá.

Àwọn baba wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pẹran kò ní í fún ẹnìkan jẹ. Ìyà tó burú jù ni ti ìbọn tó bú mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ẹni tí ọta rẹ̀ kò bà lánàá á ní ẹ̀tù ló kéré, á sì fi kún un. Ní ọdún 1813, òfin Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham. Ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ ni wọ́n ń yìn nínú irin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi ṣe kò rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún léwu jù ni kí ènìyàn tú ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ni, agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ jìnnà, irin ṣakabùlà kò sì lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ìka ọwọ́ àti ojú ló ti bá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti òfin, òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà wà, òun náà kò sì ṣeé ní láìgba ìwé àṣẹ. Ìbọn ráífù ọdẹ wà ní ìsọ̀rí kejì, ti ológun jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Kíki ṣakabùlà yàtọ̀ sí ṣíṣe kátíríìjì nínú ilé ẹni, èyí tí òfin kò fàyè gbà. Ohun tó jẹ́ eré ìdárayá fún ọmọ Yorùbá tó wà ní Texas lè sọ ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Àgbádárìgì di ẹlẹ́wọ̀n.

Afẹ́fẹ́ òkun náà kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni ní Gberefu. Ẹ̀tù dúdú tó ti jó máa ń fi èérí sílẹ̀ tó ń fa omi mọ́ra, bí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ bá sì kún un, irin ìbọn yóò dípẹtà láti inú wá láàárín ọjọ́ mélòó kan, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Kí ọdẹ tó jẹun alẹ́ ni kí ó ti fi omi gbígbóná fọ inú ìbọn, kí ó fi àkísà gbẹ ẹ́ títí àkísà yóò fi jáde ní funfun, kí ó fi òróró pa á, kí ó sì gbé ẹ̀tù rẹ̀ sínú ìgò tó dé pinpin, níbi tí iná àti ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.