Nígbà Tí Ilẹ̀kùn Bá Ṣí: Ìtàn Ìrànlọ́wọ́ Ìkọ̀wé fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní Owódé, ì báà jẹ́ ní ọjà, ì báà jẹ́ ní ilé ìjọsìn: "Àwọn ọmọ yunifásítì ìsinsìnyí ò mọ ìwé kọ mọ́." Wọ́n á ní àwọn rí lẹ́tà tí ọmọ tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ, gbólóhùn kan ò bá èkejì tan. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn. N kò bá àwọn àgbà jiyàn, nítorí ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ìtàn ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù, ìtàn sì ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀sùn yìí ti wà kí a tó bí àwọn òbí wa àgbà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn tí kò rí i wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀sùn náà máa ń dìde. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ṣíṣí ilẹ̀kùn nìkan kò tó. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà inú ilé han àlejò pẹ̀lú, ìyẹn ni pé kó ṣètò ìrànlọ́wọ́ ìkọ̀wé fún àwọn tó wà ní ọdún kìn-ín-ní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí. Ní 1874, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ àròkọ kúkúrú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ àwọn tó rí já jẹ ló pọ̀ jù nínú wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè abínibí wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló kùnà, àwọn olùkọ́ sì figbe ta gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ta lónìí. Kò pẹ́ tí Harvard fi dá kíláàsì ìkọ̀wé sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga yòókù sì wò wọ́n ṣe. Bí ẹni tí a bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì bá nílò olùkọ́ ìkọ̀wé nígbà tó wọ yunifásítì, ṣé ọmọ Owódé ni kò ní nílò rẹ̀?

Ní ilẹ̀ tiwa, nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi ìdánwò sẹ́ wọn bí ẹni sẹ́ ògì kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tó bá kéré níye bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mọ̀ ọ́n lórúkọ, ó sì mọ bó ṣe ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ń ṣí láti ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé ohun tó lé ní 811,000 ní 1955. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alájàpá di akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ wọ̀nyí àti àbúrò wọn ń kan ilẹ̀kùn yunifásítì.

Nínú oṣù Kẹwàá 1960, Yunifásítì Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní Nsukka pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 220. Dókítà Nnamdi Azikiwe tó dá a sílẹ̀ ti kàwé ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan sì wà lára àwọn tó bá wọn ṣètò rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi mú àṣà Amẹ́ríkà wá: ẹ̀kọ́ gbogboogbò fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, "Use of English" sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ yìí tàn dé àwọn yunifásítì àti àwọn polí wa. Lónìí, GST 111 ni wọ́n ń pè é ní yunifásítì, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tí kò ní ṣe é.

Ọdún 1970 ni mo fẹ́ kí ẹ sàmì sí, nítorí pé ohun méjì ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní New York. Ní 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico ní City College fẹ̀hónú hàn pé wọn kò gba irú àwọn wọlé tó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, yunifásítì ìlú náà kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá ti parí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ní ìlú náà yóò ráyè wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wọlé, àwọn olùkọ́ kan sì ka àròkọ wọn, wọ́n ní kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mina Shaughnessy, tó jẹ́ olórí ètò ìkọ̀wé níbẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kó nǹkan bí 4,000 àròkọ tí àwọn tó ń wọlé kọ láàárín 1970 sí 1974 jọ, ó sì jókòó tì wọ́n. Ohun tó rí ló kọ sínú ìwé rẹ̀, Errors and Expectations, tó jáde ní 1977: àṣìṣe àwọn ọmọ náà ní ìdí. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan ni wọ́n, bí gbogbo ẹni tó ń kọ́ nǹkan sì ṣe máa ń ṣe àṣìṣe ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí mo mọ èyí, mo wo àwọn àṣìṣe inú kíláàsì wa pẹ̀lú ojú tuntun. Akẹgbẹ́ mi kan máa ń kọ "he" nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀. Gbogbo kíláàsì a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, "ó" là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Òmíràn á kọ "they" fún bàbá kan ṣoṣo, nítorí pé nílé wa a kì í pe àgbà ní "ó", "wọ́n" là ń pè wọ́n. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń tẹ̀ lé, tí Gẹ̀ẹ́sì wá kà sí àṣìṣe! Bí olùkọ́ bá kàn fi bíró pupa fa igi sí i, ọmọ náà kò ní mọ ohun tó ṣẹ̀. Bí olùkọ́ bá jókòó tì í, tó sì fi ibi tí èdè méjèèjì ti yà han án, kò ní gbàgbé mọ́.

Ohun kejì ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970 kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì wọn yóò bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Wọn kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ẹni tó bá ti lè to èrò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní èdè ìyá rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ bí a ṣe ń tò ó ní èdè mìíràn.

Àwa tí a wà ní ẹ̀bá ààlà yẹ kí ó yé jù. Ní oṣù Kẹjọ 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé bá ara wọn ṣe àdéhùn, ààlà sì gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Nítorí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́hùn-ún, ọmọ Kétu àti ọmọ Pọ́bẹ̀ ń fi Faransé kọ àròkọ, èmi ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tèmi, bẹ́ẹ̀ Yorùbá la jọ fi ń ná ọjà. Kò sí èyí tó gọ̀ nínú wa. Èdè tí a bá nílé kì í ṣe èdè tí a bá ní kíláàsì ni.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn ti ṣí gan-an. Wọ́n dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, wọ́n sì dá Polí Ìjọba Àpapọ̀ ti Ìlaròó, tó wà nítòsí wa níhìn-ín, sílẹ̀ ní 1979. Ní 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdánwò náà dáadáa: ìbéèrè 180, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, mú-èyí-tó-tọ̀nà sì ni gbogbo rẹ̀. Ènìyàn lè yege nínú JAMB láìkọ gbólóhùn kan. WAEC ní tirẹ̀ ń béèrè àròkọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń há àròkọ sórí dè é.

Mo rí ibi tí èyí ń já sí nínú ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Àwọn tó jọ ń ṣe ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé pọ̀ débi pé àwọn kan ń dúró lójú fèrèsé. Àròkọ tó kọ padà wá pẹ̀lú máàkì kékeré, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Nígbà tó wá sílé fún ọdún Àjíǹde, ó ní òun kò padà mọ́, pé bóyá kí òun kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, Bàbá Tíṣà la ń pè wọ́n. Wọ́n ní kó gbé àròkọ náà wá. Wọn kò sọ fún un pé kò dára. Wọ́n bi í pé, "Kí lo fẹ́ sọ níbí?" Ó fi Yorùbá ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìyẹn gan-an ni kí o kọ." Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Àǹtí padà, ó sì ti wà ní ọdún kẹta báyìí.

Ohun tí Bàbá Tíṣà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti sọ di ètò. Ní 1994, ọdún tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà parí ní South Africa, Yunifásítì Cape Town dá ibùdó ìkọ̀wé sílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá kí ẹnì kan bá a jókòó. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti máa ń kó àwọn tí ìkọ̀wé wọn kò dá múṣé sí kíláàsì ìmúrasílẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń sú lọ kí wọ́n tó dé kíláàsì gidi. Láti 2007, wọ́n yí i padà: wọ́n jẹ́ kí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì gidi lójú ẹsẹ̀, olùkọ́ kan náà sì ń fún wọn ní lẹ́sìnnì kún un, àwọn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń yege pọ̀ sí i.

Àwọn kan lè ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí ń rẹ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pé ẹni tí kò bá lè kọ̀wé kó padà sílé. Ṣùgbọ́n lẹ́sìnnì kì í dín ohun tí ìdánwò ń béèrè kù. Ṣe ló ń jẹ́ kí ọmọ lè dé ibi tí wọ́n gbé e sí. Àwọn mìíràn á ní owó kò sí. Òótọ́ ni pé olùkọ́ kò tó. Bẹ́ẹ̀, tábìlì kan, àga méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó mọ̀ ọ́n kọ kò wọ́n ju ohun tí òbí ti ná kí ọmọ rẹ̀ tó wọlé, tí gbogbo rẹ̀ á ṣòfò bó bá sá padà wálé.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi náà yóò kan ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ máàkì wa. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé ìwé tí bíró pupa kún dé, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀yin alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a dúpẹ́ pé ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ bá wa fi ẹnì kan sí ẹnu ọ̀nà tí yóò mú wa wọlé.