Ìrora Kò Ṣeé Fojú Rí: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Rẹ̀ Ní Ilé Ìwòsàn Abúlé

Ní Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, iṣẹ́ kòkó ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fọ́ kòkó, tó sì ń ru ẹrù bọ̀ láti oko, mọ ìrora ẹ̀yìn àti orúnkún dáadáa. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ni ó sún mọ́ ọ jù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè wọn ìfúnpá, ó sì lè fi tẹmómítà wọn ibà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìrora. Ẹnu aláìsàn ni a ti ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Láti 0 dé 10

Nọ́ọ̀sì lè béèrè pé: “Bí 0 bá jẹ́ pé kò dùn yín rárá, tí 10 sì jẹ́ ìrora tó le jù lọ, èló ni tiyín?” Láti 1 dé 3 kéré, 4 dé 6 jẹ́ ìwọ̀nba, 7 sókè le gan-an.

Àwọn àgbà tí òǹkà yìí kò bá yé lè tọ́ka sí ibìkan lórí ìlà. Ní ọdún 2004, Matthew Olaogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn.

Fún ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta, àwòrán ojú mẹ́fà wà, láti orí ẹ̀rín dé orí ẹkún, tí Donna Wong àti Connie Baker ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní ti ọmọ ọwọ́, ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹkún rẹ̀ ni a ń wò.

Ǹjẹ́ ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́?

Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ sínú káàdì. Bí a kò bá mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, a kò lè mọ ibi tí a dé. Bí 8 bá di 4, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣì wà ní 8, kì í ṣe oògùn kan náà ni kí a tún máa rà. Ó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Nọ́ńbà nìkan kò tó. Ẹ sọ ohun tí ìrora kò jẹ́ kí ẹ ṣe: ǹjẹ́ ẹ lè rìn dé oko? Ǹjẹ́ ẹ lè sun oorun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Ǹjẹ́ ẹ lè rúkúù, kí ẹ forí kanlẹ̀, kí ẹ sì dìde láìdi nǹkan mú? Ẹni tó ń jókòó kírun lóṣù tó kọjá, tó ti ń dìde dúró kírun báyìí, ti ní ẹ̀rí pé ara ń yá.

Ọpẹ́ kò ní kí a fi ìrora pamọ́

Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa pé báwo ni ara, “Alhamdulillah” ni ìdáhùn. Ó dára, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì lè rò pé ara ti yá. Ànábì Ayyub, tí gbogbo wa fi ń ṣe àpẹẹrẹ sùúrù, sọ ìnira rẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà yín. Ẹ̀yin ọmọ tó bá mú ìyá lọ, ẹ jẹ́ kí ìyá fẹnu ara wọn dáhùn.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bí àyà bá ń dùn yín tí èémí kò sì já gaara, bí orí bá ń fọ́ tí ọrùn sì gan, tàbí bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín tí ẹsẹ̀ kú tàbí tí ìtọ̀ ń dà fúnra rẹ̀. Ẹ má sì máa dá lo ibuprofen tàbí diclofenac fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka nǹkan mẹ́rin: ibi tó ń dùn yín, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àti oògùn tí ẹ ti lò. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.