Ìtàn Àwọ̀n Gígé Lójú Òkun: Bí Orílẹ̀-Èdè Mẹ́fà Ṣe Parí Ìjà Apẹja Ní 1882, àti Ohun Tó Kàn Wá Níbẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lórí gúrúùpù wa: tírọ́là tún ti gbé àwọ̀n lọ. Ẹnì kan á fi fọ́tò àwọ̀n tó ti ya ránṣẹ́, àwọn yòókù á ní "Olúwa á dá a padà", ó parí síbẹ̀. Ẹni tó fi owó àjọ ra àwọ̀n ọ̀hún ṣì ń san gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìtàn yìí. Àwọn kan ti jẹ irú ìyà yìí rí níbi tó jìnnà sí wa, wọ́n sì jókòó wá ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀nà náà kò pé tán, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa.

KÍ LÓ Ń FA ÌJÀ?

Ẹni tí kò pẹja rí lè béèrè pé, ṣebí òkun tóbi, kí ló dé tí wọ́n ń forí gbárí? Ẹ wò ó, ẹja kò tàn ká òkun bákan náà. Ibi tí oúnjẹ ẹja bá wà ni ẹja ń pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo apẹja ń lọ. Irin iṣẹ́ wọn ò wá dọ́gba. Àwọn kan á dẹ àwọ̀n, wọ́n á jẹ́ kó máa léfòó bá omi lọ ní gbogbo òru. Àwọn kan á so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀ mọ́ okùn gígùn. Àwọn kan á kó ìgèrè sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á padà wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Tírọ́là ní tiẹ̀, rírìn ló ń rìn, ó ń wọ́ àwọ̀n ńlá nísàlẹ̀ òkun. Ohun tó bá bá pàdé, ó ń wọ́ ọ lọ ni. Èyí tó dúró àti èyí tó ń rìn kò lè jọ wà lójú kan láìsí òfin.

ÒKUN ÀRÍWÁ

Òkun Àríwá ni omi tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Dẹ́ńmákì, Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Kó tó di 1882, ibẹ̀ ti di ojú ìjà. Àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dẹ àwọ̀n fún ẹja herring, tó jẹ́ ẹbí ṣáwá tiwa. Àwọ̀n ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n bá so ó pọ̀, lè gùn ju máìlì kan lọ. Òru ni wọ́n ń dẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá máa fi mọ́, ọkọ̀ ẹlòmíì ti gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ti àìrójú-ríran ṣì dáa. Èyí tó burú jù ni irin kan tí àwọn apẹja náà fún ní orúkọ Sátánì, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dà bí ìdákọ̀ró kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ń gbé e sọ́kọ̀ kó lè gé àwọ̀n tó bá dí ọkọ̀ lọ́nà. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń nàka sí jù lórí irin yìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán èèyàn lọ ṣèwádìí, ìwádìí náà sì fi hàn pé kì í ṣe àsọdùn.

Ibo wá ni ẹni tí wọ́n gé àwọ̀n rẹ̀ fẹ́ lọ rojọ́? Máìlì mẹ́ta péré láti etí òkun ni agbára orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mọ nígbà yẹn. Lẹ́yìn ibẹ̀, òkun di ti gbogbo ayé. Kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè pe ọkọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbami. Tí kò bá sì sí nọ́ńbà lára ọkọ̀ tó sá lọ lóru, ta lèèyàn fẹ́ dárúkọ?

ÀDÉHÙN TI THE HAGUE

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1882, ní ìlú The Hague lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, orílẹ̀-èdè mẹ́fà fọwọ́ sí àdéhùn kan: Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù, Dẹ́ńmákì, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Nẹ́dálándì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin nílé. Ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

1. Gbogbo ọkọ̀ apẹja gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ibùdó rẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sórí dúdú níwájú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ tàbí kó fi nǹkan bò ó.

2. Lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn kan náà gbọ́dọ̀ wà lára àwọn ohun tó ń léfòó, ìdákọ̀ró, àwọ̀n tírọ́là àti irin iṣẹ́ yòókù.

3. Irin tí kò ní iṣẹ́ míì ju kó gé àwọ̀n lọ di èèwọ̀. Lílò rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, gbígbé e sínú ọkọ̀ náà di ẹ̀ṣẹ̀.

4. Tí tírọ́là bá rí ẹni tó dẹ àwọ̀n tàbí okùn ìwọ̀ sílẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ yà fún un. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ọrùn tírọ́là ló wà, àfi tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe ẹ̀bi òun.

5. Tí àwọ̀n èèyàn méjì bá lọ́ mọ́ra, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ gé e láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì gbà. Tó bá jẹ́ okùn ìwọ̀ ni, tó sì di dandan láti gé e, ẹni tó gé e gbọ́dọ̀ so ó padà lójú ẹsẹ̀.

6. Ọkọ̀ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè dá ọkọ̀ apẹja orílẹ̀-èdè yòókù dúró, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àmọ́ kóòtù ìlú ọlọ́kọ̀ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà.

7. Tí ọ̀rọ̀ kò bá le jù, tí àwọn méjèèjì sì gbà, ọ̀gá ọkọ̀ ogun lè parí ìjà lójú omi níbẹ̀, kó sì sọ iye owó tí ẹni tó jẹ̀bi máa san.

Ẹ tún ìkẹrin kà. Kí àdéhùn yìí tó dé, ẹni tí wọ́n gé àwọ̀n rẹ̀ ló ń wá ẹ̀rí kiri. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ní ẹ́rù ńlá ló ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ wo ìkẹfà náà: kò sí orílẹ̀-èdè tó fi ọmọ rẹ̀ lé kóòtù àjèjì lọ́wọ́, síbẹ̀ gbogbo wọn gbà kí àjèjì máa ṣọ́ ọmọ àwọn. Láìsí àyè méjèèjì yìí, mi ò rò pé wọ́n á fọwọ́ sí i.

Ìjà kò tán lọ́jọ́ kan o. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó ń kiri ọtí láàárín òkun, tí apẹja ń fi ẹja gbà á, àní àwọn kan ń fi àwọ̀n ọ̀gá wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Ọtí ló ń da epo síná ìjà. Ní 1887, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà náà tún padà sí The Hague láti fọwọ́ sí àdéhùn míì tó de ọtí títà lójú Òkun Àríwá.

LẸ́YÌN ÌYẸN

Ní 1967, wọ́n ṣe irú àdéhùn yìí ní Lọ́ńdọ̀nù fún gbogbo àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Ní 1972, òfin àgbáyé lórí ìforígbárí ọkọ̀ ojú omi la iná sílẹ̀: tírọ́là tó ń wọ́ àwọ̀n lóru á tan iná àwọ̀ ewé sókè, funfun sísàlẹ̀, apẹja tí kì í ṣe tírọ́là á tan pupa sókè, funfun sísàlẹ̀. Tí àwọ̀n rẹ̀ bá nà ju mítà 150 lọ kúrò lára ọkọ̀, á tún tan iná funfun sí apá ibi tí àwọ̀n wà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 1973. Amẹ́ríkà àti Soviet ń bára wọn ṣọ̀tá nígbà yẹn, bọ́ǹbù àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn. Síbẹ̀, tírọ́là Soviet ń wọ́ ìgèrè alákàṣà àwọn apẹja Amẹ́ríkà lọ ní Àtìláńtíìkì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì 1973, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Moscow pé kí ìgbìmọ̀ wà ní Washington àti ní Moscow, tí ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì á jọ jókòó nínú rẹ̀, láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n ba ọkọ̀ tàbí irin iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọ̀tá lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgèrè! Ṣé àwa tí a jọ ń jẹ ẹja kan náà kò wá ní lè ṣe é?

ÀWA ŃKỌ́?

Òfin wà nílé. Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti 1992 sọ pé tírọ́là ò gbọ́dọ̀ pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún láti etí òkun, ìyẹn bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ní 2007, Làìbéríà, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ FCWC sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹja, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Tema ní Gánà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà náà ni, bíi ti The Hague. Ní 2018, àjọ FAO fi ìlànà síta lórí bí a ṣe ń sàmì sára irin iṣẹ́ apẹja.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ bodè yìí ṣàjèjì sí wa. Àwọn Àgànyìn ń wá pẹja létí omi wa, àwọn tiwa náà ń pẹja dé Kútọnu títí lọ sí Kamẹrúùnù. Níbí, onílé ni wá. Níbẹ̀, àlejò ni wá. Àdéhùn tó bá dáàbò bo àwọ̀n àlejò, tiwa náà ló ń dáàbò bò.

Òfin máìlì márùn-ún kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó fún àdéhùn 1882 lágbára ni àmì lára àwọ̀n, nọ́ńbà lára ọkọ̀, àti ẹni tó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé ká mú nǹkan mẹ́ta yìí lọ sípàdé:

– Kí gbogbo ọkọ̀ ìlú wa ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà yẹn wà lára àwọn fóòmù àwọ̀n náà, kí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

– Kí ẹni tó bá dẹ àwọ̀n lóru máa tan iná sí i. Òfin tó ní kí tírọ́là yà fún wa fẹ́ kó kọ́kọ́ rí wa.

– Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí a kọ ọjọ́, aago, orúkọ tàbí nọ́ńbà tírọ́là náà, àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ látorí fóònù. Fọ́tò àwọ̀n tó ya nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ya á.

Tí a bá ti ní àkọsílẹ̀ ọdún kan péré lọ́wọ́, a lè gbé e lọ bá ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, ká sì béèrè fún ìgbìmọ̀ tí apẹja àti ọlọ́kọ̀ tírọ́là á jọ jókòó nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, ẹkún ló máa sun dé ọ́fíìsì, ẹkún náà ló sì máa sun padà wálé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lórí omi, kí ẹ sì kà á fún àwọn bàbá tí kò lè kà á fúnra wọn. Omi kò ní gbé wa lọ o. Ire o.