Ìtàn Awọ Pupa àti Iṣẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Awọ

Bí ẹ bá lọ sí Kùtọ́nù tàbí Àjàṣẹ́, tí ẹ gbójú sókè wo iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àpò awọ àti ìgbànú, ẹ lè rí ọ̀rọ̀ Faransé kan níbẹ̀: maroquinerie. Bàbá kan wà nínú kíláàsì alẹ́ wa, aránbàtà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló da ọ̀rọ̀ yìí kọ láti Kùtọ́nù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì mú un wá bá mi. Ó ní, “Tíṣà, kí ni èyí ń wí?” Mo ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun tí a fi awọ ṣe ni. Ó ní ìyẹn kò ṣòro, ojú òun rí àpò níbẹ̀. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni orúkọ ìlú Maroc ń wá nínú iṣẹ́ òun?

Etí bàbá yìí mú. Òótọ́ ni pé Maroc, tí àwa ń pè ní Màrókò, wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Maroquin ni àwọn Faransé ń pe awọ ewúrẹ́ dáadáa tó rọ̀, pàápàá èyí tó pupa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà fi orúkọ Màrókò pè é. Awọ yìí ni àwọn olówó Yúróòpù fi ń bo ìwé wọn nígbà àtijọ́, tí wọ́n fi ń ṣe bàtà àti àpò. Àwọn ará Màrókò mọ iṣẹ́ awọ lóòótọ́, a kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú awọ pupa tó ń gba aṣálẹ̀ kọjá dé etí òkun ní àríwá Áfíríkà, ilẹ̀ Haúsá ló ti wá.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heinrich Barth dé Kánò ní 1851. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ó rí bàtà awọ tí wọ́n ń kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó rí awọ pupa tí wọ́n fi omi pòròpórò ọkà bàbà pa láró, ó sì sọ pé wọ́n ń kó o lọ títí dé Trípólì, etí òkun. Ràkúnmí ló ń rù ú. Ìrìn oṣù púpọ̀ ni. Nígbà tí awọ náà bá dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, ẹni tó tà á fún un nìkan ló mọ̀, kò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ wò ó bí ìgbà tí èèyàn ra iṣu Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọjà Àjàṣẹ́, tó gbé e lọ sí Faransé, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé iṣu Àjàṣẹ́ ni òun ń jẹ. Kò purọ́ o, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ti fò kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ewúrẹ́ tí wọ́n ń lò kò tóbi. Ewúrẹ́ pupa ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ti Sókótó ní Nàìjíríà, tí àwọn Faransé ń pè ní ti Maradi ní ilẹ̀ Nìjẹ́. Ẹran kan náà ni. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n ó yi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe awọ, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nínú èdè wa, awọ ni a ń pè é nígbà tó wà lára ẹran, awọ náà ni nígbà tó di bàtà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ wo awọ tó wà lójú ìlù. Wọ́n kàn fá a, wọ́n fà á, wọ́n sá a gbẹ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òjò bá pa á, ohùn rẹ̀ á kú, onílù á máa wá iná tó máa yá a sí. Bí ẹ bá fi irú awọ bẹ́ẹ̀ ṣe bàtà, ọjọ́ tí ẹ bá gba inú àbàtà kọjá ni yóò di ẹran padà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún Iléyá kan, mo tọrọ awọ àgbò lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo ní mo fẹ́ fi ṣe àpò ìwé. Mo ti gbọ́ pé eérú máa ń yọ irun awọ, mo bá rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Wọ́n wá pè wá sí ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú mìíràn, mo gbàgbé awọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà dé, ìyàwó aládùúgbò mi ti fi igi gbọọrọ gbé e lọ sínú igbó, kò sì kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Irun ti yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ fúnra rẹ̀ ti yọ́ bí ọ̀gbọ̀lọ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé eérú kàn ń ṣí ọ̀nà ni. Àwọn oníṣẹ́ awọ Kánò máa ń rẹ awọ sínú omi eérú títí irun yóò fi dẹ̀, wọn a tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, wọn a fi ọ̀bẹ fá irun àti ọ̀rá kúrò. Lẹ́yìn náà, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n po ìgbẹ́ ẹyẹlé mọ́. Ẹ má ṣe yínmú. Ohun tó wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹ yẹn ló ń mú kí awọ dẹ̀ kí ó sì rọ̀. Kété tó bá ti rọ̀ tó, wọn a fọ̀ ọ́ dáadáa, wọn a wá gbé e sínú omi èso igi kan tí àwọn Haúsá ń pè ní bàgàrúwà. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Wọn a gún èso náà, wọn a rẹ awọ sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọn a máa yí i, wọn a máa pààrọ̀ omi rẹ̀.

Bàgàrúwà yìí ni olórí gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ ti bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n jẹ rí, tí ahọ́n yín fún pọ̀ bíi pé ẹnìkan ń fà á? Oje tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú èso bàgàrúwà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ó ṣe ń fún ahọ́n ni ó ń wọ inú awọ lọ, tó ń so ó pọ̀ láti inú, tí ìdíbàjẹ́ kò fi lè wọ ibẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, omi lè pa á, yóò gbẹ, yóò sì tún rọ̀. Òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ń pa á kẹ́yìn.

Ní ti àwọ̀ pupa, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kò kàn mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n ni. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà fún wa, tí a ń pè ní wàgàṣì, kí ló mú ẹ̀yìn rẹ̀ pupa? Pòròpórò ọkà bàbà ni. Òun kan náà ni Barth rí ní Kánò. Dúdú ń kọ́? Irin tó dógùn-ún ni wọ́n ń rẹ sínú omi, tí wọ́n fi ń pa awọ tó ti mu bàgàrúwà. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ se èèpo igi gúáfà, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù, kí ẹ ju ìṣó àtijọ́ méjì tó ti dógùn-ún sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi náà á ti dúdú bíi tàdáwà. Ẹ má kàn jẹ́ kí ọmọdé mu ún.

Nígbà tí a dé orí irinṣẹ́, mo ní kí bàbá aránbàtà kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó kọ ọ̀bẹ, ó kọ abẹ́rẹ́, ó wá kọ “ìlù mẹ́ta”. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, mo bi í pé ìgbà wo ni ó di onílù. Ẹ kíyè sí àmì ohùn o. Ìlù ni ti onílù. Ìlu, tí ohùn rẹ̀ kò wálẹ̀ ní ìparí, ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó olórí igi tí a fi ń dá awọ lu kí abẹ́rẹ́ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò tí a ń gbé kọ́ èjìká àti apó tí ọdẹ ń kó ọfà sí, awọ ni a fi ń ṣe méjèèjì.

Irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ gbìyànjú nígbà tí iṣẹ́ oko bá dín lè kó wọn jọ: ọ̀bẹ mímú kan, pákó tí a ó máa gé awọ lórí rẹ̀, ìlu, abẹ́rẹ́ méjì, òwú líle tí a fi ìda oyin pa, àti òòlù igi. Ìrán ló gba sùúrù. Bàbá fi hàn wá. Ó mú òwú kan ṣoṣo, ó fi abẹ́rẹ́ sí orí rẹ̀ méjèèjì. Ó fi ìlu dá ihò, ó ti abẹ́rẹ́ kan láti ọ̀tún, ó ti èkejì láti òsì gba ojú ihò kan náà, ó sì fa méjèèjì le. Ihò tó tẹ̀lé e, bákan náà. Bí òwú bá já ní apá kan lọ́jọ́ iwájú, apá kejì ṣì dì í mú. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò lè ran irú èyí. Òwú méjì tó kọ́ ara wọn ni tirẹ̀, bí ọ̀kan bá já, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí ẹ bá sì fẹ́ fín ọnà sára awọ, ẹ fi omi díẹ̀ pa á kí ẹ tó tẹ irin sí i. Awọ tí a fi èso tàbí èèpo igi ṣe á gba àmì náà, kò ní lọ mọ́.

Àwọn ará wa kò jókòó kí wọ́n máa wo Haúsá nìkan. Alufaa Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé láyé àtijọ́ olúkúlùkù oníṣẹ́ awọ ló ń ṣe awọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè ṣe bàtà, gàárì, àkọ̀ idà, ìgbànú àti tìmùtìmù tí àwọn àgbà ń jókòó lé. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń ṣe làbà Ṣàngó. Àpò ńlá ni, awọ pupa, ojú mẹ́rin ni a pín iwájú rẹ̀ sí, a sì gé awọ aláwọ̀ mìíràn lé e bí ère, a ran án mọ́ ọn. Òun ni àwọn àwòrò Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká bí wọ́n bá ń lọ sí ilé tí àrá sán sí, ẹdùn àrá sì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọjà awọ ń gbà kò jìnnà sí wa. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Haúsá lọ ra obì ní Gònjà, ilẹ̀ Bàrìbá ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń gba Níkì àti Djougou, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ níhìn-ín. Ní 1826, Hugh Clapperton pàdé ọ̀wọ́ èrò ńlá kan tó ń ru obì bọ̀ ní Kàyámà. Bí wọ́n bá ń lọ, ohun awọ wà lára ẹrù wọn. Títí di òní, bí ẹ bá lọ wo ọdún Gààní ní Níkì, ẹ ó rí gàárì àti ìjánu ẹṣin tí a fi awọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn àgbà ní, à ń di gàárì sílẹ̀, ewúrẹ́ ń yọjú, ẹrú ìran rẹ̀ ló ń gẹṣin? Èmi rò pé ewúrẹ́ ní ẹjọ́ sọ. Awọ rẹ̀ ni gàárì.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892, wọ́n kó ẹrù ààfin lọ. Ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà fún wa. Ní 2022 ọ̀pọ̀ èèyàn tò láti wò wọ́n ní Kùtọ́nù. Àwọn ìtẹ́ ọba àti ère ńlá ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò awọ kan wà láàárín wọn.

Ohun méjì ló yí iṣẹ́ yìí padà. Ní 1884, Augustus Schultz ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà kan tí a fi oògùn inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní króòmù ṣe awọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wá di ti ọjọ́ díẹ̀. Ní 1911 ojú irin dé Kánò. Awọ kò gba aṣálẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e lọ sí Èkó, tútù tàbí gbígbẹ, láì tíì ṣe é. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe é, ibẹ̀ ni owó iṣẹ́ sì ń dúró sí. Bàtà rẹ̀ wá ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa nínú páálí.

Mo ka gbogbo èyí fún bàbá aránbàtà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé ṣé ọ̀dà funfun ṣì kù nílé mi. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, pákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀ tó kọ fúnra rẹ̀: ILÉ IṢẸ́ AWỌ. Kò gbàgbé àmì kankan.