Àjẹ́ Ké Lánàá: Ẹ̀rí àti Àhesọ Nínú Ìtàn Ìpànìyàn Hinterkaifeck, 1922

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá a máa pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Òwe yìí fi hàn bí ọkàn ènìyàn ṣe máa ń so ohun méjì tó tẹ̀ léra pọ̀. Ní àwùjọ tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tètè di ìdájọ́. Ṣùgbọ́n lójú òfin àti lójú òpìtàn, ìbéèrè ṣì ni ohun tí òwe náà kà sí ìdáhùn. Ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní oko Hinterkaifeck, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ní ọdún 1922, fi ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹ̀rí àti àhesọ hàn kedere. Ó sì fi hàn pé bí ẹ̀rí bá ti bọ́ lọ́wọ́ àwùjọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún lè má tó láti wá a rí.

Oko náà àti àwọn ará ibẹ̀

Ìpínlẹ̀ Bavaria ni Hinterkaifeck wà, láàrin ìlú Ingolstadt àti Schrobenhausen, ní nǹkan bí 70 kìlómítà sí àríwá Munich. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀yìn Kaifeck. Ilé àgbẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó dá wà lẹ́bàá igbó. Baálé ilé jẹ́ ẹni ọdún 63, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ẹni ọdún 72. Ọmọbìnrin wọn, ẹni ọdún 35, ń gbé pẹ̀lú wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú sógun ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1914. Ó ní ọmọbìnrin ẹni ọdún 7 àti ọmọkùnrin ẹni ọdún 2. Ẹnì kẹfà ni ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, ẹni ọdún 44, tí ó dé ilé náà ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1922, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a.

Ìdílé náà ní ọrọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ará àdúgbò ṣe wọléwọ̀de. Ní ọdún 1915, ilé-ẹjọ́ ti dá baba àti ọmọbìnrin rẹ̀ yìí lẹ́bi pé wọ́n jọ ní àjọṣepọ̀ tó jẹ́ èèwọ̀ láàrin baba àti ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti wà lẹ́nu ayé.

Ìkìlọ̀ tí kò di ẹ̀sùn

Ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ìpànìyàn náà, baálé ilé rí ipasẹ̀ lórí òjò dídì. Ipasẹ̀ náà ti inú igbó wá sí ilé, kò sì sí èyí tó padà sínú igbó. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àjà. Ó rí ìwé ìròyìn kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò rà, kọ́kọ́rọ́ ilé kan sì di àwátì. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi ilé náà sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, nítorí àwọn ohun àjèjì tó ní òun ń gbọ́. Baálé ilé sọ ohun tó rí fún àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò fi sun ọlọ́pàá. Àjẹ́ ti ké. Gbogbo àdúgbò gbọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dé iwájú ẹni tó lè wádìí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin láìmọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, wọ́n pa baba, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn obìnrin sínú abà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa ọmọ ọ̀dọ̀ nínú yàrá rẹ̀ àti ọmọkùnrin kékeré náà lórí ibùsùn rẹ̀. Ọmọ kò dé ilé-ìwé ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, èéfín ń rú láti ilé ìdáná, ẹran ọ̀sìn ń jẹun, ẹnì kan sì ń jẹ oúnjẹ ilé náà. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá sí oko náà. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ láìfojú kan ẹnikẹ́ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò mẹ́ta tó wọlé, tí wọ́n sì bá òkú nílẹ̀.

Bí ẹ̀rí ṣe sọnù

Kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti Munich dé, èrò ti wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti sún òkú kúrò ní ipò rẹ̀, wọ́n sì ti dáná jẹun nínú ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó lè mọ ipasẹ̀ apànìyàn yàtọ̀ sí ti aláàánú mọ́. Nígbà tí dókítà yẹ òkú wò ní ọjọ́ kejì, ó rí i pé ọmọ ọdún 7 náà ṣì wà láàyè fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣá a. Wọ́n gé orí àwọn òkú náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Munich fún ìwádìí, débi pé wọ́n gbé e fún àwọn aríran. Àwọn orí náà kò padà wá mọ́. Wọ́n sọnù nígbà ogun àgbáyé kejì. Láìsí orí ni wọ́n sin àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí Waidhofen.

Ìjọba ṣe ìlérí 100,000 máàkì fún ẹni tó bá tú àṣírí náà, ẹnikẹ́ni kò gbà á. Owó wúrà tí wọ́n bá nínú ilé kò jẹ́ kí ó rọrùn láti sọ pé olè lásán ni. Nígbà tí wọ́n wó ilé náà ní ọdún 1923, wọ́n rí ohun tí wọ́n fi pa wọ́n lórí àjà: irúfẹ́ ọkọ́ ńlá tí àgbẹ̀ fi ń hú gbòǹgbò igi. Orí àjà ilé tí àwọn ọlọ́pàá ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde, ni ó wà látọjọ́ náà. Wíwó tí wọ́n wó ilé ló jẹ́ kí ẹ̀rí yìí hàn. Òun náà ló pa ìyókù rẹ́.

Ibi tí àhesọ ti jọba

Ibi tí ẹ̀rí bá ti kúrò, àhesọ ni yóò jókòó síbẹ̀. Ó lé ní 100 ènìyàn tí àwọn ọlọ́pàá fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò dá ẹnì kan lẹ́bi. Àwọn kan ní ọkọ tó kú sógun kò kú, pé òun ló padà wá gbẹ̀san. Àwọn mìíràn nàka sí aládùúgbò kan. Ó pe àwọn tó bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́jọ́, ó sì jàre wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu ayé. Wọ́n pa ìwé ẹjọ́ náà dé ní ọdún 1955, síbẹ̀ ọlọ́pàá ṣì ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ títí di ọdún 1986. Ní ọdún 2006, ìtàn náà wọ inú ìtàn àròsọ, nígbà tí Andrea Maria Schenkel gbé Tannöd jáde.

Ní ọdún 2007, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ní Fürstenfeldbruck tún gbogbo ìwé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní ẹ̀rí tó kù kò tó láti fìdí òtítọ́ múlẹ̀ mọ́. Ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan tí wọ́n fura sí, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà láàyè.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtàn, ni èdè Yorùbá ń lò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòótọ́ àti fún ohun tí a hun. Ẹni tó gbọ́ ọ ló ni iṣẹ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Hinterkaifeck, iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ àwùjọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ènìyàn kò bìkítà, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ kàn nígbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Òwe ní ta ni kò mọ̀? Ní oko yìí, kálukú ló ní òun mọ̀, ẹnì kan kò sì lè jẹ́rìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀ láti dárúkọ kò gba ìdájọ́ fún àwọn mẹ́fà tó kú. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí àhesọ pa ènìyàn keje. Òkúta ìrántí kan ló wà nítòsí ibi tí ilé náà wà rí. Orúkọ àwọn tó kú ni àwùjọ lè kọ, nítorí pé ìyẹn nìkan ló dá wọn lójú.