Àgbà Tó Rántí Ìjì: Ìtàn Ìwé Ìbí ní Írẹ́lándì

Àwọn ọmọ ìwòyí a máa fi àgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ ọjọ́ orí wọn. Bí bàbá bá ní ọdún ogun Hitler ni wọ́n bí òun, ẹ̀rín ló kù, àfi bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òyìnbó ti ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ọmọ Írẹ́lándì, tí mo sì bá ìyá ọkọ mi tọpa ìdílé rẹ̀ ní káúńtì Mayo, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1864 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí gbogbo ọmọ Írẹ́lándì sílẹ̀. Wọn ò ṣe é nítorí ìtàn ìdílé ẹnikẹ́ni. Ní 1863, ọdún tí òfin ìwé ìbí jáde, ni òfin mìíràn sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa bupá fún ọmọdé nítorí ṣọ̀pọ̀ná. Ta ni wọ́n fẹ́ bupá fún bí wọn ò bá mọ ọmọ tí wọ́n bí? Dókítà tó ń tọ́jú àwọn tálákà ládùúgbò ni wọ́n sábà fi ṣe akọ̀wé ìbí. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi tẹ̀lé àgbègbè tí wọ́n pín fún ìtọ́jú aláìní, bíi Castlebar àti Westport ní Mayo. Ẹni tó bá mọ káúńtì nìkan, tí kò mọ àgbègbè, yóò ṣí ìwé títí ọrùn yóò fi dùn ún.

Ìlà kan ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nínú ìwé náà: ọjọ́ ìbí àti ibi tí wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀, bàbá àti ibùgbé rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, ìyá pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá tirẹ̀, ẹni tó wá ròyìn, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ní ìlà bàbá bàbá ìyá ọkọ mi, ìyá ọmọ náà ló wá ròyìn fúnra rẹ̀. Kò mọ̀wé, ó fa ìlà méjì gba orí ara wọn, akọ̀wé sì bá a kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà.

Ìgbà tí a wá dé inú ìwé ìtẹ̀bọmi ìjọ Kátólíìkì, tí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè wọn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2015, a rí ọmọ yìí kan náà. Èdè Látìn ni àlùfáà fi kọ ọ́, ó pe James ní Jacobus. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n tẹ ọmọ bọmi ṣáájú ọjọ́ tí ìjọba ní wọ́n bí i! Ìyá ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ṣé inú oyún ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ bọmi ni?" Kò ṣàjèjì rárá. Nígbà náà, ẹni tó bá pẹ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ lè san owó ìtanràn, nítorí náà àwọn òbí mìíràn a pe ọjọ́ tí kò tíì jìnnà fún akọ̀wé. Níwájú àlùfáà, kò sí owó ìtanràn tí wọ́n ń sá fún. Ìwé àlùfáà ni mo gbà gbọ́.

Kí 1864 tó dé ńkọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin jóná. Ìwé ìkànìyàn 1821 sí 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìtẹ̀bọmi ìjọ Áńgílíkà tó ju ìdajì lọ. Ti 1861 sí 1891 kò tiẹ̀ dúró de iná. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti run wọ́n ṣáájú. Ti 1901 àti 1911 ló yè.

Àmọ́ owó àgbà gba díẹ̀ sílẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 1909, ìjọba ń san owó fún arúgbó tó bá ti pé ẹni 70 ọdún, ó lè tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tó pé 70 lọ́dún náà, kò lè ní ìwé ìbí. Ìjì Ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣẹ̀rí: ìjì tó jà ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 1839, tó ṣí òrùlé, tó hú igi. Ẹni tó bá rántí ìjì, ó ti dàgbà tó nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a tún máa yẹ ìwé ìkànìyàn 1841 àti 1851 wò, wọ́n a kọ ohun tí wọ́n rí sórí fọ́ọ̀mù. Iná mú ìwé lọ, fọ́ọ̀mù kù. Lónìí, orí fọ́ọ̀mù àwọn arúgbó wọ̀nyẹn nìkan ni orúkọ òbí àti àbúrò àwọn mìíràn kù sí.

Owó yìí náà ló jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọdún tó ju mẹ́wàá lọ dàgbà láàárín ìwé ìkànìyàn 1901 sí ti 1911. Ẹ má bínú sí wọn. Ebi ti pa wọ́n rí.

Ẹni tó bá fẹ́ wá ìran rẹ̀ ní Írẹ́lándì, kó kọ́kọ́ bi àgbà tó ṣì wà láyé ní orúkọ abúlé, nítorí Murphy pọ̀ bí èèrùn. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìwé ìkànìyàn 1911, kó máa lọ sẹ́yìn. Ìwé ìbí tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní irishgenealogy.ie. Bí ìwé méjì bá sì tako ara wọn, kó má tíì ya ọ̀kan dànù. Kó bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni tó ròyìn fẹ́ gbà, tàbí kí ló ń sá fún.